Oṣù-Ènìyàn, Kòkòrò àti Ìfojúbù: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìṣàbójútó Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Ńlá

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ keje, oṣù kẹrin, ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ IBM ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde ìdílé kọ̀ǹpútà tuntun kan tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní System/360. Ẹ̀rọ nìkan kò tó. Bí a bá gbé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí iyàrá láìsí àkójọ àṣẹ tí yóò máa darí rẹ̀, irin àti wáyà lásán ni. Nítorí náà ni IBM ṣe dáwọ́ lé àkójọ àṣẹ ńlá kan, OS/360, tí yóò máa gba iṣẹ́ wọlé, tí yóò máa pín àyè àti àkókò fún un, tí yóò sì máa tọ́jú èsì rẹ̀. Frederick Brooks ni a fi ṣe alábòójútó. Nígbà tí iṣẹ́ náà gbóná jù lọ, àwọn tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ju 1,000 lọ. Síbẹ̀ ó pẹ́ ju ọjọ́ tí a dá, ó gba àyè nínú ẹ̀rọ ju bí a ti rò, owó tí ó jẹ sì ju ìṣirò àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Lẹ́yìn tí ó tilẹ̀ jáde, ó di ìgbà tí a tún un gbé jáde ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan kí ó tó máa ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Ní ọdún 1965 ni Brooks fi IBM sílẹ̀ lọ máa kọ́ni ní yunifásítì ní Chapel Hill, ní North Carolina. Ìbéèrè kan tí Thomas Watson kékeré, ọ̀gá àgbà IBM, bi í kò fi ọkàn rẹ̀ sílẹ̀: kí ló dé tí ìṣàbójútó iṣẹ́ àwọn tí ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà fi nira ju ìṣàbójútó iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ gan-an lọ? Ọdún mẹ́wàá ni ó gbà á kí ó tó dáhùn. Ìdáhùn náà ni ìwé rẹ̀, The Mythical Man-Month, tí ó jáde ní 1975.

Ohun tí ó mú kí ìwé yìí kan àwọn tí ń ṣe ọ̀rọ̀-ìperí ni pé ẹ̀sùn tí ó lágbára jù nínú rẹ̀, ẹ̀sùn lórí ọ̀rọ̀ ni. Brooks sọ pé ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fi ń wọn iṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ń tan ènìyàn jẹ, àti pé ìtànjẹ náà ti ná ni ní owó àti ọdún. Bí bẹ́ẹ̀ bá rí, a jẹ́ pé ẹni tí ó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Yorùbá láìronú ti kó ìtànjẹ wọ inú èdè mìíràn nìyẹn. Àwọn tí ó ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olótùú apá kejì ní 1990, ti fi hàn pé Yorùbá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìwádìí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá ni a ó gbé yẹ̀ wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ gidi tí a ti ṣe, kí a lè rí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ní láti rù.

Àìrídìmú

Ìṣòro kìíní wà nínú ọ̀rọ̀ náà ètò. Ètò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ètò kan náà ni a ń pe ohun tí alábòójútó là kalẹ̀ pé kí a ṣe ní oṣù yìí àti ní oṣù tí ń bọ̀. Bí olùkọ́ bá wá fẹ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ètò tí a ṣe fún ṣíṣe ètò náà kò dára, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ gbà ní kíláàsì. Ó sàn kí a fi ètò sílẹ̀ fún ìlàkalẹ̀ iṣẹ́, kí a sì wá orúkọ mìíràn fún ohun tí a ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn: sọ́fúwíà, tí a yá, àti àìrídìmú, tí a ṣẹ̀dá. Ẹnìkan lè sọ pé àìrídìmú ti jù, pé ohun tí ń sanwó oṣù fún ènìyàn kì í ṣe ẹ̀mí àìrí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1986 Brooks kọ àròkọ kan, No Silver Bullet, níbi tí ó ti ka ìwà mẹ́rin tí a kò lè mú kúrò lára irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni pé a kò lè rí i. Ẹni tí ń kọ́lé lè ya àwòrán ilé, kí onílé wò ó kí ó sì ní, "Fèrèsé yìí kéré." Àkójọ àṣẹ kò ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀, bí a bá yà á, àwòrán púpọ̀ ni yóò jẹ́, tí ọ̀kan yóò gun orí èkejì. Alábòójútó kò lè rìn lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kí ó fi ojú rí i pé ògiri ti dé ìdajì. Ohun tí a bá sọ fún un ni yóò gbà gbọ́. Nítorí náà àìrídìmú kì í ṣe orúkọ lásán. Ó ń sọ ìdí tí ìṣàbójútó iṣẹ́ náà fi le, ó sì yẹ kí a mú un.

Inú àròkọ kan náà ni Brooks ti pín ìṣòro àìrídìmú sí oríṣi méjì. Èkíní wà nínú ohun tí a fẹ́ ṣe gan-an: bí òfin owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ́ mọ́ra, kò sí bí àṣẹ tí a ó kọ fún un kò ṣe ní lọ́ mọ́ra. Èkejì wá láti ọwọ́ àwa tí ń ṣe é, láti ara irinṣẹ́ tí kò dára àti ọ̀nà tí a gbà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó bá èyí mu láìsí wàhálà. A lè pe èkíní ní ìdíjú àbínibí, kí a sì pe èkejì ní ìdíjú àfọwọ́fà. Àfọwọ́fà tilẹ̀ dára ju ọ̀rọ̀ tí Brooks lò lọ, nítorí pé tirẹ̀ dà bí ẹni pé nǹkan ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àfọwọ́fà ń wo ọwọ́ tí ó fà á.

Oṣù-ènìyàn

Ọ̀rọ̀ tí Brooks bá jà ni man-month. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ ní ìtúmọ̀ wẹ́rẹ́ yóò pè é ní oṣù-ènìyàn: iṣẹ́ tí ènìyàn kan lè ṣe ní oṣù kan. Bí a bá sọ pé iṣẹ́ kan tó ọgọ́ta oṣù-ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti fi yéni pé ènìyàn mẹ́wàá yóò parí rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà, pé ọgọ́ta ènìyàn yóò sì parí rẹ̀ ní oṣù kan. Ibẹ̀ ni irọ́ wà.

Irọ́ kọ́ ní oko. Bí ebè bá jẹ́ 600, tí àgbẹ̀ sì pe àáró, ọwọ́ púpọ̀ yóò dín ọjọ́ kù ní tòótọ́, nítorí pé ẹni tí ń kọ ebè níhìn-ín kò ní ohun tí yóò bi ẹni tí ń kọ tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kí a gbé òfì yẹ̀ wò. Ènìyàn mẹ́wàá kò lè jókòó sídìí òfì kan. Wọ́n lè hun ọ̀já ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí òfì mẹ́wàá, kí a wá rán an pọ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí aṣọ náà ṣe déédéé, wọn yóò kọ́kọ́ fi ohùn ṣọ̀kan lórí ìbú ọ̀já, lórí àwọ̀ òwú, àti lórí ibi tí ọnà yóò ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìfohùnṣọ̀kan yìí jẹ́ iṣẹ́, ó sì ń gba àkókò tí kò sí nínú ìṣirò ẹni tí ó kàn fi iye ọ̀já pín iye ahunṣọ.

Nínú iṣẹ́ àìrídìmú, ìfohùnṣọ̀kan yìí ni ó ń jẹ àkókò jù. Bí olúkúlùkù bá ní láti bá olúkúlùkù sọ̀rọ̀, ènìyàn méjì ní ọ̀nà ìjíròrò kan ṣoṣo láàárín wọn. Mẹ́ta ní mẹ́ta, mẹ́rin ní mẹ́fà. Mẹ́wàá ní 45. Kí a sọ pé iṣẹ́ ti pẹ́, tí ọ̀gá sì fi mẹ́wàá kún mẹ́wàá: ọ̀nà ìjíròrò kò di 90, ó di 190. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tí ó dé kò mọ iṣẹ́ náà, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti kọ́ wọn, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sì fi ń kọ́ wọn ti lọ nìyẹn. Láti inú èyí ni òfin tí a fi orúkọ Brooks pè ti wá, pé bí a bá fi ènìyàn kún iṣẹ́ àìrídìmú tí ó ti pẹ́, ńṣe ni a tún ń mú un pẹ́ sí i. Brooks fúnra rẹ̀ gbà pé òfin náà ti sọ ọ̀rọ̀ ní ṣókí jù. Àmọ́ ẹni tí ó bá ti bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdé yóò mọ̀ pé kò jìnnà sí òótọ́.

Báwo wá ni kí Yorùbá ṣe pe òṣùwọ̀n yìí? Ìdáhùn wà nínú nǹkan kan tí Brooks tẹnu mọ́: owó tí iṣẹ́ ń ná ni ó ń tẹ̀ lé iye ènìyàn àti iye oṣù, ìlọsíwájú iṣẹ́ kì í tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ èyí gan-an ti wà ní ẹnu Yorùbá tipẹ́. Owó-oṣù ni. Bí a bá sọ pé OS/360 gba nǹkan bí 5,000 ọdún-ènìyàn láàárín 1963 sí 1966, gẹ́gẹ́ bí Brooks ti fojú bù ú, etí lè gbọ́ ọ bí ẹni pé a lè gba ọ̀pọ̀ ènìyàn sí i kí ó yá kánkán. Bí a bá sọ pé ó gba 60,000 owó-oṣù, kò sẹ́ni tí yóò rò pé sísan owó-oṣù 60,000 ní ọjọ́ kan ṣoṣo yóò mú kí iṣẹ́ náà parí ní ọjọ́ náà. Àbá àpilẹ̀kọ yìí ni pé kí a lo iye owó-oṣù fún òṣùwọ̀n náà, kí a sì fi oṣù-ènìyàn sílẹ̀ fún ìgbà tí a bá ń ṣàlàyé àṣìṣe tí Brooks ń tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀ òfì tún kan ohun tí Brooks kà sí pàtàkì jù nínú àwòrán iṣẹ́ àìrídìmú, èyí tí a lè pè ní ìṣọ̀kan èrò: pé kí ohun gbogbo dà bí ẹni pé ọkàn kan ni ó ti wá. Ìtàn tí ó sọ nípa rẹ̀ kò dára fún un rárá, ó sì yẹ kí a yìn ín pé ó sọ ọ́. Ó ku kí a kọ àpèjúwe OS/360, ìyẹn ìwé tí yóò sọ ohun tí oníbàárà yóò máa rí, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àṣẹ. Ọ̀gá àwọn ayàwòrán-iṣẹ́ ní òun ní ènìyàn mẹ́wàá tí ó mọṣẹ́, pé àwọn yóò kọ ọ́ ní oṣù mẹ́wàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí fi oṣù mẹ́ta ju ètò lọ. Ọ̀gá àwọn tí ń kọ àṣẹ ní òun ní 150 ènìyàn, pé àwọn lè bá wọn kọ ọ́ kí ó bọ́ sí àkókò, àti pé bí a kò bá gbé e fún àwọn, 150 ènìyàn náà yóò jókòó lásán fún oṣù mẹ́wàá. Èkíní kìlọ̀ pé kò ní bọ́ sí àkókò bẹ́ẹ̀ náà, pé kò sì ní dára. Brooks gbé e fún 150. Ó pẹ́ ní oṣù mẹ́ta, bí èkíní ti wí. Kò sì ní ìṣọ̀kan èrò. Brooks fojú bù ú pé àìsí ìṣọ̀kan náà fi ọdún kan kún àkókò tí a fi wá àbùkù inú rẹ̀.

Ohun tí ó ti Brooks sí ìpinnu yẹn ni ọ̀rọ̀ pé kí ènìyàn má jókòó lásán. Oṣù-ènìyàn ni ó ń sọ̀rọ̀ lọ́kàn rẹ̀: òṣùwọ̀n tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti iṣẹ́ tí ń lọ síwájú.

Ìfojúbù, àfojúsùn àti àdéhùn

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kò gbọdọ̀ dàpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń dàpọ̀ lójoojúmọ́. Ìfojúbù ni ohun tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rò pé yóò ná ni. Ọ̀rọ̀ náà dára, nítorí pé ojú tí a fi bù ú ṣì wà nínú rẹ̀. Kò purọ́ pé òun dájú. Àfojúsùn ni ohun tí ọ̀gá ń fẹ́. Àdéhùn ni ohun tí a ti fi ọwọ́ sí. Gbèdéke, tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí, jẹ́ ti àdéhùn. Kò yẹ kí a lò ó fún ìfojúbù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà fi ìdí rẹ̀ hàn. Ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà pinnu láti pa ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń san owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, kí a fi àìrídìmú kan tí ó ń jẹ́ Phoenix rọ́pò rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà tó 290,000, wọ́n wà ní iléeṣẹ́ ìjọba 101, òfin tí ó de owó wọn sì ju 80,000 lọ. Kò sí ìdíjú àbínibí tí ó ju èyí lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìjábọ̀ Olùyẹ̀wé-owó àgbà ilẹ̀ náà ní 2018 ti wí, mílíọ̀nù 155 dọ́là ni a ti yà sọ́tọ̀ fún ṣíṣe é. Nígbà tí IBM, tí a gbé iṣẹ́ fún, ṣe ìṣirò, ìfojúbù tirẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 274. Àwọn alábòójútó kò padà lọ béèrè owó, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sún ọjọ́ síwájú. Iṣẹ́ náà ni wọ́n gé. Nínú iṣẹ́ 984 tí ó yẹ kí Phoenix lè ṣe, wọ́n yọ èyí tí ó ju 100 lọ tàbí kí wọ́n sún un sí ẹ̀yìn. Wọ́n fagi lé ìgbìdánwò tí iléeṣẹ́ kan ìbá ti kọ́kọ́ ṣe kí ó tó kan gbogbo wọn. Iṣẹ́ àwọn tí ó mọ òfin owó náà lórí ni a ti kó lọ sí ìlú Miramichi, a sì ti fagi lé ọ̀pọ̀ nínú ipò wọn, kí tuntun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Oṣù kejì ọdún 2016 ni Phoenix bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni kò rí owó wọn gbà bí ó ti tọ́. Àwọn kan gba púpọ̀ jù, tí a tún ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn mìíràn kò rí kọ́bọ̀. Olùyẹ̀wé-owó náà pè é ní ìkùnà tí kò ṣe é yé ènìyàn. Ẹni tí ó bá wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta wa yóò rí i pé ó yé dáadáa. Mílíọ̀nù 155 jẹ́ àfojúsùn tí a ti sọ di àdéhùn kí a tó ní ìfojúbù. Nígbà tí ìfojúbù dé, kò sí àyè tí a lè gbé e sí mọ́.

Níhìn-ín náà ni ó yẹ kí a ti wo ìdánwò. Lójú olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ìdánwò jẹ́ ohun tí a ń yege nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá yege, ayọ̀ dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yẹ àìrídìmú wò, àbùkù ni ó ń wá. Ọjọ́ tí kò bá rí nǹkan kan, ó yẹ kí ó fura. Brooks gbà pé ìdajì gbogbo àkókò iṣẹ́ ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ fún un, ìdámẹ́rin fún apá kọ̀ọ̀kan, ìdámẹ́rin fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Kíkọ àṣẹ gan-an kò ju ìdámẹ́fà lọ, èyí tí ó kù, ìyẹn ìdámẹ́ta, jẹ́ ti ìrònú àti ìlàkalẹ̀. Bí a bá ń pe ìdajì yìí ní ìdánwò, yóò dà bí ohun tí a lè fò bí ó bá dá wa lójú pé a ti mọ̀wé. Ìwábùkù ni àpilẹ̀kọ yìí yàn.

Kòkòrò

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1947, àwọn tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà Mark II ní Harvard rí àfòpiná kan tí ó há sínú ẹ̀rọ. Wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé àwọn ti rí kòkòrò gidi. Àwàdà ni wọ́n ń ṣe, nítorí pé àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ ti ń pe àbùkù inú ẹ̀rọ ní kòkòrò láti ayé Thomas Edison. Láti ìgbà náà ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti dúró ní Gẹ̀ẹ́sì.

Kò yẹ kí ó dúró ní Yorùbá. Kòkòrò a máa wọlé láti ìta. Bí kòkòrò bá jẹ ẹ̀wà, kò sí ẹni tí ń bi àgbẹ̀ pé kí ló dé tí ó fi kòkòrò sínú ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n àbùkù inú àìrídìmú, ènìyàn ni ó fi í síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wa kò sì gbọdọ̀ fi ènìyàn náà pamọ́. Síbẹ̀, bí a bá pe ohun gbogbo ní àṣìṣe, a tún ti kọjá ibi tí ó yẹ kí a dúró, nítorí pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà: ohun tí ènìyàn ṣe, ohun tí ó kù sínú àkójọ àṣẹ nítorí rẹ̀, àti ohun tí ojú rí níkẹyìn.

Ìtàn áḿbúláǹsì ìlú London ni ó ṣàlàyé rẹ̀ jù. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 1992, iléeṣẹ́ áḿbúláǹsì ìlú náà gbé àìrídìmú tuntun kalẹ̀ tí yóò máa gba ìpè, tí yóò máa wá ọkọ̀ tí ó súnmọ́ aláìsàn jù, tí yóò sì rán an lọ. Tẹ́lẹ̀, orí ìwé pélébé ni a ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ìròyìn tí àìrídìmú náà ń gbà nípa ibi tí ọkọ̀ wà kò pé. Nítorí náà nígbà mìíràn ó ń rán ọkọ̀ méjì lọ síbì kan, nígbà mìíràn ó ń rán èyí tí ó jìnnà. Bí ohun gbogbo ti ń dàrú, ìkìlọ̀ ń pọ̀ lójú ẹ̀rọ débi pé àwọn tí ó ṣe pàtàkì ń kọjá lọ kí òṣìṣẹ́ tó rí wọn. Àwọn tí ọkọ̀ kò tètè dé ọ̀dọ̀ wọn ń pè lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, ìpè tún ń pọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n ní láti fi apá kan iṣẹ́ náà padà sí ọwọ́ ènìyàn. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun tí ìgbìmọ̀ ìwádìí sọ nípa ọjọ́ méjì yìí: ẹ̀rọ kò kú, ohun tí a ní kí ó ṣe ni ó ṣe.

Ti ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, yàtọ̀. Lẹ́yìn aago méjì òru, ẹ̀rọ náà falẹ̀, ó sì dúró pátápátá. Èyí tí ó yẹ kí ó gba ipò rẹ̀ kò gbà á. Nígbà tí a wá ìdí rẹ̀, a rí i pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, òṣìṣẹ́ kan tí ń tún nǹkan ṣe gbàgbé àṣẹ kékeré kan sínú àkójọ náà. Ní gbogbo ìgbà tí a bá rán ọkọ̀ jáde, àṣẹ yìí ń gba àyè kékeré nínú ẹ̀rọ, kì í sì í dá a padà. Àyè tán ní òru ọjọ́ náà.

Ohun tí òṣìṣẹ́ náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni àṣìṣe. Àṣẹ tí ó kù sínú àkójọ náà ni àbùkù. Ìdúró ẹ̀rọ ní òru ni ìkùnà. Àṣìṣe gba ìṣẹ́jú díẹ̀, àbùkù gbé níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ẹni tí ó rí i, ìkùnà sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìtumọ̀ tí ó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kòkòrò kò lè sọ ìtàn yìí. Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀: ọjọ́ 26 àti 27 ní ìkùnà láìjẹ́ pé a lè fi ìka tọ́ àṣẹ kan báyìí pé òun ni àbùkù. Inú àpèjúwe iṣẹ́ ni àbùkù ibẹ̀ wà, àti inú ọ̀nà tí a gbà gbé e kalẹ̀.

Àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn iṣẹ́

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà a máa pe ìjókòó tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ ní post-mortem, èyí tí í ṣe àyẹ̀wò òkú. Yorùbá kò nílò rẹ̀. Òkú kì í padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ tí ó kùnà yóò ṣe òmíràn lọ́la. Ewu tí ó tóbi jù ni kí ìjókòó náà di ẹjọ́. Níbi ẹjọ́, ẹni tí ó bá mọ nǹkan a máa pa ẹnu mọ́, nítorí pé ohun tí ó bá sọ lè padà bá a. Àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn iṣẹ́ ni a dá lábàá, kí olùtúmọ̀ sì yẹra fún ìwádìí ẹ̀sùn.

Ìgbìmọ̀ tí ó jábọ̀ lórí London ní oṣù kejì ọdún 1993 ìbá ti rí ẹni tí ó gbàgbé àṣẹ dì mú, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ìwábùkù tí àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣe kò dájú pé yóò rí irú àbùkù náà, ó sì tẹ̀ síwájú láti wo àkókò tí a fi há àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ra, owó tí ó kéré jù tí a fi yan ẹni tí a gbé iṣẹ́ fún, ẹ̀kọ́ tí kò tó, àti àìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà láàárín àwọn ọ̀gá àti àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ kò gbà pé tiwọn ni. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣe é díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí yóò lò ó, a sì gbé tuntun náà kalẹ̀ ní ọdún 1996. Ó ṣiṣẹ́.

Brooks fúnra rẹ̀ ṣe irú àgbéyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lórí ìwé tirẹ̀. Nígbà iṣẹ́ OS/360, ó gbà pé kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan rí gbogbo àkọsílẹ̀ tí olúkúlùkù ń kọ. Láàárín oṣù mẹ́fà, ìwé náà ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, àtúnṣe tí ń wọlé sí i lójúmọ́ sì tó ojú ewé 150. Ní 1972, David Parnas kọ ọ́ pé òdìkejì ni ó tọ́, pé kí apá kọ̀ọ̀kan fi ohun inú rẹ̀ pamọ́, kí àwọn yòókù mọ kìkì ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọ inú rẹ̀. Nínú ìwé 1975, Brooks kò gbà fún un. Nínú àtẹ̀jáde ogún ọdún rẹ̀ tí ó jáde ní 1995, ó kọ ọ́ láìfi bò pé Parnas ni ó tọ̀nà, pé òun ni òun ṣìnà.

Èrò Parnas yìí ṣì ń fa wàhálà fún olùtúmọ̀. Ìfipamọ́ yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ẹnìkan ń ṣe awo. Ìbòmọ́lẹ̀ burú jù, ó dà bí ẹni tí ó jalè. Kò sí ẹni tí a ń fi nǹkan pamọ́ fún pẹ̀lú ìkà; ohun tí a ń ṣe ni pé a kò jẹ́ kí apá kan gbára lé ohun tí ó lè yí padà lọ́la nínú apá mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù nínú àwọn tí a ti gbé yẹ̀ wò ni ìpààlà, bí ìdílé méjì tí wọ́n ń gbé inú agbo ilé kan ti lè mọ ẹnu ọ̀nà ara wọn láìmọ ohun tí ó wà nínú àpótí ara wọn. Bí olùkọ́ kan bá ti ní èyí tí ó dára jù lọ tí ó ti lò ní kíláàsì, òun ni kí a mú.